Ẹ̀tù, Ọta, Ẹtu: Ìṣirò Inú Ìbọn Tí À Ń Kì Lẹ́nu

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan kí ahọ́n má baà gbé wa ṣubú. Ẹtu, re-re, ni ẹran igbó kékeré tó jọ àgbọ̀nrín. Ẹtù, re-dò, ni ẹyẹ tí àwọn míì ń pè ní awó. Ẹ̀tù, dò-dò, ni nǹkan dúdú tí ọdẹ ń rọ sínú ìbọn: èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní saltpetre ló para pọ̀ dì í. Ọdẹ tó bá ní òun ra ẹ̀tù láti fi pa ẹtu kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ̀tù dò-dò la fẹ́ sọ lónìí, pẹ̀lú ọta tó ń tì jáde. Èló ni ká bù, irú ọta wo ni ká fi lé e, tí a bá fẹ́ kí ẹran kú lójú ẹsẹ̀, kí ìbọn má sì bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́?

Ìbọn tí mò ń sọ ni èyí tí gbogbo ẹrù rẹ̀ ń gba ẹnu wọlé. Wọ́n á da ẹ̀tù sí i, wọ́n á ti ọta tẹ̀ lé e, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kì í mọ́lẹ̀. Nílé, ṣákábùlà là ń pè é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Dane gun, tórí àwọn oníṣòwò Denmark wà lára àwọn tó ń kó o wá sí etíkun wa. Birmingham náà ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ fún ọjà Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìṣirò tú irú ìbọn yìí palẹ̀, ará Manchester níbí ni.

Láti Whalley Range, ẹ gba Wilbraham Road lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ẹ ó dé Fallowfield kí ẹsẹ̀ tó ro yín. Ibẹ̀ ni Joseph Whitworth gbé, nínú ilé tí wọ́n ń pè ní The Firs. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára Whitworth Park. Ẹnjiníà ni bàbá yẹn. Ní 1841 ó dá òṣùwọ̀n kan ṣoṣo lábàá fún ìlà ara síkúrù, torí pé síkúrù ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu nígbà náà. (Èmi tí mò ń kọ kóòdù jẹun mọ irú wàhálà bẹ́ẹ̀ dáadáa.) Láàárín àwọn ọdún 1850, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kó bá àwọn wo ìbọn ológun. Ó kọ́ ibi ìyìnbọn tó gùn tó 500 yáàdì sí The Firs, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò.

Enfield ni àwọn ọmọ ogun ń lò. Ihò rẹ̀ fẹ̀ tó 0.577 ínṣì, ọta rẹ̀ sì wúwo tó 530 grain, bíi gíráàmù 34. Ohun tí Whitworth ṣe wù mí púpọ̀: kò fi kún ìwúwo ọta rárá. 530 grain náà ló lò, àmọ́ ó sọ ọ́ di tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, ó sì sọ ihò di 0.451 ínṣì, onígun mẹ́fà, tó lọ́ bí okùn. Nínú Enfield, ọta ní láti rin ínṣì 78 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Nínú ti Whitworth, ínṣì 20 péré. Ṣé ẹ rántí òkòtó? Tó bá ń yí kíkankíkan, á dúró ṣánṣán. Tí kò bá yí tó, á ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọta gígùn nínú afẹ́fẹ́. Nígbà ìdánwò 1857, bí nǹkan tí wọ́n ń yìn sí ṣe ń jìnnà sí i ni Whitworth ń fi Enfield sẹ́yìn sí i. Àwọn ológun ò kúkú gbà á. Owó rẹ̀ pọ̀, èérí ẹ̀tù sì tètè ń dí ihò tóóró yẹn.

Ó dáa, ẹ mú kálíkúlétọ̀. Láti mọ agbára ọta, ẹ mú ìdajì ìwúwo rẹ̀ ní kìlógíráàmù, ẹ fi eré rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tún fi eré yẹn kan náà sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Joule ni èsì rẹ̀. Ọta òjé róbótó fún ihò 0.50 ínṣì wúwo tó gíráàmù 11.5. Tó bá ń sá mítà 550 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára rẹ̀ jẹ́ 1,739. Òfin àgbọ̀nrín ti England àti Wales, Deer Act 1991, ní kí ìbọn tí a ó fi pa àwọn àgbọ̀nrín ńlá má dín ní 2,305. Kò tó nìyẹn. Ṣákábùlà tiẹ̀ jáde pátápátá, torí pé òfin náà ka ìbọn tí inú ihò rẹ̀ ń dán, tí kò ní ìlà, léèwọ̀ fún àgbọ̀nrín. Ẹni tó bá sì fẹ́ tọ́jú ẹ̀tù dúdú sílé níbí gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

(Àgbọ̀nrín tòótọ́ kò sí nínú igbó wa nílé o. Èyí tí à ń pè bẹ́ẹ̀ kì í wọ́wo. Ti òyìnbó ń wọ́wo lọ́dọọdún.)

Ọdẹ á ní, “Ẹ fi ẹ̀tù kún un.” Ká tó dé 2,305, ọta róbótó yẹn gbọ́dọ̀ sá tó mítà 633, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tù dúdú ti máa ń kọ̀. Ohun tó ju ìdajì nínú ẹ̀tù tó jóná ló ń di èéfín àti èérí, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó ń ti ọta. Tó bá sì ti pọ̀ ju bí ọ̀pá ìbọn ṣe gùn tó lọ, ìyókù á jó níta ẹnu ìbọn. Ariwo pọ̀, ìpaniléjìká pọ̀, eré ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àmọ́ ọta gígùn oní-gíráàmù 22.7, tó ń sá mítà 457 péré, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 2,370. Ọta róbótó tún ń bá afẹ́fẹ́ jà: kó tó dé 100 yáàdì, ó ti pàdánù ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ tó ń lo róbótó fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran. Ẹran tí ọta aláìlágbára bà á wọgbó lọ jẹ̀rora ni.

Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà lè rí i lò lábẹ́ òfin. Pennsylvania ya àkókò kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì fún ìbọn olókùúta ìṣáná. Bí wọ́n ṣe ń wá òṣùwọ̀n níbẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn ń wá àṣìṣe nínú kóòdù: nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ìbọn 0.50 lè bẹ̀rẹ̀ láti bíi 50 grain. Ẹ yin mẹ́ta, ẹ wò ó bóyá ojú kan ni wọ́n bà, kí ẹ tó fi 5 kún un. Ẹ má kọjá iye tí ẹni tó ṣe ìbọn kọ sínú ìwé rẹ̀.

Nílé, ìwé wo? Páìpù omi tàbí irin sítíárìn ọkọ̀ ni alágbẹ̀dẹ míì fi ń ṣe ọ̀pá ìbọn, àtẹ́lẹwọ́ sì ni òṣùwọ̀n. Ohun méjì ló máa ń bẹ́ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jù lójú tèmi. Èkíní ni kéèyàn tú ẹ̀tù inú kátíríìjì òde òní sí i. Ẹ̀tù yẹn kì í ṣe dúdú, agbára rẹ̀ sì ju ohun tí irin yẹn lè gbà lọ fíìfíì. Èkejì ni kí ọta má wọlé dé orí ẹ̀tù, kí àlàfo wà láàárín wọn, tàbí kí wọ́n kì í lẹ́ẹ̀mejì nínú òkùnkùn.

Èyí kò gba owó láti dènà. Ẹ ki ìbọn náà dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ fa ìlà sára igi tí ẹ fi kì í, ní ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Nígbà mìíràn, tí ìlà yẹn bá yọ sókè, ọta kò tíì wọlé tán, tàbí ẹrù ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má yìn ín.