Ẹ Tọ́jú Nọ́ńbà Yín Bí Ẹ Ṣe Ń Tọ́jú Owó Ọjà

 

Ọ̀rọ̀ fóònù la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn oníbàárà tó ń wá ra iṣu àti gààrí l'Íkẹ́rẹ́ níbí, láti Adó, Àkúrẹ́ àti Èkó, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń wá wa kí wọ́n tó gbéra. Orí nọ́ńbà yẹn náà ni àláàtì báǹkì ń wọlé sí. B'ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, oníbàárà lè lọ, owó náà sì lè lọ.

Nǹkan mẹ́ta ni a máa ń pò pọ̀. Fóònù ni èyí tí à ń mú lọ́wọ́. Síìmù ni káàdì kékeré inú rẹ̀. Nọ́ńbà ni èyí tí wọ́n fi ń pè wá. Fóònù, ẹ̀yin lẹ rà á, ẹ̀yin lẹ ni ín. Àmọ́ nọ́ńbà kì í ṣe tiwa pátápátá. Àjọ NCC, tí ìjọba fi ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ló ń pín nọ́ńbà fún wọn, àwọn náà wá ń fún wa lò. Ó dà bí ìsọ̀ l'ọ́jà: bí ẹni tó ni ín bá pẹ́ jù kó tó wá, wọn á fi ẹlòmíì síbẹ̀.

Ìlànà NCC nìyí: bí líìnì bá lo oṣù 6 láìṣe ohun kan tó mú owó wọlé fún iléeṣẹ́, wọ́n lè tì í pa. B'ó bá tún lo oṣù 6 mìíì bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gba nọ́ńbà náà, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíì. Ká sọ pé líìnì kejì yín wà nínú àpótí láti ọdún tó kọjá, òun lẹ sì fi sílẹ̀ ní báǹkì. Ẹni tó bá ra nọ́ńbà yẹn ni àláàtì yín á máa lọ bá. Nítorí náà, lóṣooṣù, ẹ ra káàdì díẹ̀ sí i, kí ẹ fi pe èèyàn kan. Bí ẹ ò bá sì lò ó mọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ yọ ọ́ kúrò ní báǹkì kí ẹ tó pa á tì.

Nọ́ńbà tí a bá tọ́jú máa ń pẹ́ o. Lọ́dún 2001 ni GSM dé Nàìjíríà. Econet ọjọ́ náà ti di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, kó tó wá di Airtel lọ́dún 2010. Orúkọ ń yí, àmọ́ ẹni tó ra 0802 nígbà náà tó sì tọ́jú ẹ̀ ṣì lè máa lò ó dòní. Láti ọdún 2013 pàápàá, a lè gbé nọ́ńbà wa láti iléeṣẹ́ kan lọ sí òmíì, láìpàdánù oníbàárà kankan.

Ẹ jẹ́ kí síìmù wà lórúkọ yín. Ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ síìmù sílẹ̀. Ní December 2020, ìjọba ní kí a so ó mọ́ NIN. Ní April 2022, wọ́n dí àwọn tí kò so ó, wọn ò lè pe èèyàn mọ́. Bó bá jẹ́ NIN ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ti ẹni tó tà á fún yín ló wà lórí ẹ̀, òun ni iléeṣẹ́ mọ̀, wọn ò mọ̀ yín. Ẹ tẹ *996# kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí wọ́n bá jí fóònù ńkọ́? Ẹ má sáré tẹ̀lé olè. Ẹ yá fóònù ẹni tó ń lo iléeṣẹ́ kan náà, ẹ pe 300, kí wọ́n ti líìnì pa. Ẹ pe báǹkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n ti àkáǹtì pa. Ìdí ni pé olè lè yọ síìmù yín sínú fóònù tirẹ̀, kó máa gba kóòdù tí báǹkì bá fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú NIN lọ sí ọ́fíìsì wọn fún èyí tí à ń pè ní welcome back: síìmù tuntun, nọ́ńbà àtijọ́.

Ẹ fi PIN sórí síìmù fúnra ẹ̀, kì í ṣe sórí fóònù nìkan. Bí èèyàn bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á tì. PUK, oní-nọ́ńbà 8, ló ń ṣí i. Ẹ má méfò o: bí ẹ bá ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù yẹn ti kú nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà sí i, àti ti báǹkì. Ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà 15 tó bá jáde ni àmì ìdánimọ̀ fóònù yín, ẹ kọ òun náà. Àmọ́ ẹ má kọ PIN síbẹ̀. Ilé ni kí ìwé yẹn wà, kì í ṣe inú báàgì kan náà pẹ̀lú fóònù.

Bí iléeṣẹ́ bá fi yín ṣeré lẹ́yìn tí ẹ ti fẹjọ́ sùn wọ́n, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni.

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ ka èyí fún ẹni tí kò lè kà á nínú wa. Ọjà á tà o.