Ògiri Ààrò: Ààbò Iná Tó Tún Jẹ́ Ẹwà Ilé

Bí ọyẹ́ bá ti dé Fìdítì àti Ìlọrá, ètè á là, koríko ẹ̀yìnkùlé á gbẹ bí ìyàngbò, ìdí ààrò á sì di ibi tí gbogbo ọmọ ilé ń sáré sí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìyá ti gbé omi ìwẹ̀ kaná, màmá àgbà ń yí iṣu nínú eérú, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn sì ń nawọ́ sí ẹyinná tó pọ́n bí ọsàn. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkúta mẹ́ta kò lè dá ọmọ dúró, kò sì lè dá ẹ̀fúùfù dúró. Ògiri ló ń ṣe ìyẹn.

Kí ni ààbò ààrò?

Ohunkóhun tí kì í jóná, tí a gbé sáàárín iná àti èèyàn, ààbò ààrò ni. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe. Ó ń dènà ọwọ́ ọmọ àti etí ìró. Ó ń gba ẹyinná tó bá ta jáde. Ó sì ń gé ẹ̀fúùfù kúrú, kí iná má baà ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí igi má sì tètè tán.

Nílùú Òyìnbó, inú pálọ̀ ni wọ́n ń dáná sí nítorí òtútù, àwọ̀n irin ni wọ́n sì ń gbé síwájú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà di òfin lọ́dún 1908: ẹni tó bá fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 sínú yàrá tí iná ibẹ̀ kò ní ààbò, tí ọmọ náà wá kú tàbí tó fara pa gidi, yóò san owó ìtanràn. Lọ́dún 1952, wọ́n gbé ọjọ́ orí náà dé 12.

Tiwa ti wà tipẹ́

Kì í ṣe Òyìnbó ló kọ́ wa. Àdògán tí àwọn ìyá wa ń fi amọ̀ mọ, ògiri rẹ̀ ni ààbò rẹ̀. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí dáadáa: wọ́n á mọ amọ̀ yí agbada ká títí dé etí, ẹnu iná á wà lódìkejì. Ẹni tó ń fi àkúfọ́ igbá ro gàrí jókòó síhìn-ín, igi ìdáná ń wọlé lọ́hùn-ún. Ìró rẹ̀ kò kan iná, èéfín sì ń gba ẹ̀yìn jáde.

Èéfín yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé fa ikú èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 lọ́dún 2020. Nítorí náà, ẹ má fi ògiri ààrò dí ilé ìdáná pa. Ẹ fi ojú fèrèsé tàbí ihò sílẹ̀ lókè.

Kí la lè fi ṣe é?

Amọ̀: òun ló dára jù, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ po ilẹ̀ ògán mọ́ koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, kó má baà sán. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dáná sí i.

Búlọ́ọ̀kù: ó lágbára, ṣùgbọ́n ooru ń là á. Ẹ fi amọ̀ rẹ́ ojú tó kọ sí iná.

Páànù: ó fúyẹ́, ó ṣeé gbé kiri, ṣùgbọ́n ó máa ń gbóná gan-an, etí rẹ̀ sì mú bí ọ̀bẹ. Ẹ ká etí rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó súnmọ́ iná jù.

Àwọ̀n irin: wẹ́lídà lè jó o pọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rin. Kí ojú rẹ̀ wẹ́, kí ìka ọmọ má lè wọ̀ ọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbòòrò, kó má ṣubú.

Ẹ má lo pákó, ẹní, àpò, ike tàbí imọ̀ ọ̀pẹ. Ẹ má sì ṣa òkúta inú odò sídìí iná: omi tó wà nínú rẹ̀ lè mú kó bẹ́.

Ibo ni kó wà, báwo ló ṣe yẹ kó ga tó?

Àríwá-ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹ mọ ògiri tó dúró gbọn-in sí ìhà yẹn, kí ẹ sì fi páànù tàbí àwọ̀n tó ṣeé gbé sí ìhà yòókù, nítorí ẹ̀fúùfù ń yí padà nígbà òjò. Kí ògiri náà má ṣe rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ lọ. Igi ìdáná, aṣọ àti gálọ́ọ̀nù epo gbọ́dọ̀ jìnnà sí iná tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Bí gáàsì lẹ ń lò, ẹ má fi páànù yí sílíńdà ká. Ìta ni ààyè rẹ̀. Omi ọṣẹ lẹ máa fi yẹ okùn rẹ̀ wò: bí ó bá ń hó, ó ń jò.

Ọ̀ṣọ́ ńkọ́?

Nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, ẹ yí ṣùkù àgbàdo lójú rẹ̀ bí àwọn amọ̀kòkò ti ń ṣe. Àmì wẹ́wẹ́ á tò tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ má kun ọ̀dà. Ooru á bó o, á sì máa rùn. Ẹfun àti ilẹ̀ pupa tí a fi omi pò ti tó.

Bí iná bá jó èèyàn

Ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ kí ara tó wú, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Bí aṣọ bá gbaná lára èèyàn, kó má sáré: kó dùbúlẹ̀, kó máa yí. Bí òróró bá gbaná nínú ìkòkò, ẹ dé e pa; ẹ má da omi sí i. Bí apá kò bá ká a, ẹ pe 112.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ tó wọlé, ẹ lọ wo ìdí ààrò yín. Bí ọmọ bá lè nawọ́ kan iná láìsí ohun tó dá a dúró, ẹ kò tíì mọ ààrò tán.