"Ẹ̀ Ń Wo Òkè, Ẹ Ò Wo Ìsàlẹ̀": Ìrọ̀rùn Ìwọlé àti Ìjáde Àwọn Aláàbọ̀-Ara ní Tẹ̀dé àti Agbègbè Òkè-Ògùn

ÌFÁÀRÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́", amúkùn-ún ní, "Ẹ̀ ń wo òkè, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Ẹni tí ń rí àbájáde ọ̀ràn, tí kò sì wádìí orírun rẹ̀, ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu amúkùn-ún fúnra rẹ̀ jáde, ó di ẹ̀sùn tí aláàbọ̀-ara fi kan àwùjọ: ẹ ti rí àbùkù ara mi, ẹ kò tíì wo ilẹ̀ tí ẹ ní kí n máa rìn lórí rẹ̀.

Ìtumọ̀ kejì yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dì mú. Àlàyé tí ó fẹ́ ṣe ni pé púpọ̀ nínú ohun tí kì í jẹ́ kí aláàbọ̀-ara rí ààyè wọ gbàgede ìlú ni kò sí ní ara onítọ̀hún rárá. Ìsàlẹ̀ ilé ni ó wà: ní àtẹ̀gùn, ní gọ́tà, ní ẹnu ọ̀nà, àti ní ọ̀nà tí a ń gbà kéde ọ̀rọ̀. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá sì mọ, ọwọ́ ènìyàn lè tún un mọ. Ìlú Tẹ̀dé ni a fi ṣe ojúlé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Atisbo. Àwọn ará Àgọ́-Àrẹ, Ìrawọ̀ àti àwọn ìlú mìíràn ní láti wá síbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjọba bá délẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà kan bá ṣòro wọ̀ ní Tẹ̀dé, kì í ṣe ọmọ Tẹ̀dé nìkan ni ó ń dí lọ́nà.

OHUN TÍ ORÚKỌ Ń SỌ

Yorùbá ní orúkọ tó ṣe tààrà fún oríṣiríṣi ìrísí ara: afọ́jú, adití, odi, arọ, amúkùn-ún, abuké, àfín. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni pé Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn, àti pé òun náà ni ó mọ abuké, arọ àti àfín bí wọ́n ṣe rí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń jẹ́ ẹni òrìṣà, tí fífi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ sì fi jẹ́ èèwọ̀. Ìbọ̀wọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ̀ tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni. Ènìyàn lè bẹ̀rù ẹni òrìṣà kí ó má sì fi àyè ìjókòó lọ̀ ọ́ láàárín ìgbìmọ̀.

Orúkọ mẹ́ta mìíràn wà tí a ń gbọ́ lórí rédíò tí a sì ń rí nínú ìwé ìròyìn. "Aláàbọ̀-ara" fi ọ̀ràn sí inú ara: ara onítọ̀hún ni kò pé, àbọ̀ ni. "Àkàndá ẹ̀dá" fi í sí ọwọ́ Ẹlẹ́dàá: a dá a lọ́nà tó yàtọ̀. Ẹ̀kẹta, "ẹni tó ní ìpèníjà ara", ni ó yẹ kí onímọ̀ èdè dúró tì díẹ̀. Láti ara "pè ní ìjà" ni ìpèníjà ti wá. Kò sì sí ẹni tí a pè níjà tí kò ní ẹni tó pè é. Ta wá ni ó pe aláàbọ̀-ara níjà?

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, tí ó ń dáná, tí ó ń tọ́ ọmọ, tí ó sì ń ta èlùbọ́ lójúde ilé rẹ̀. Kò sí ìjà kankan ní gbogbo àkókò yìí. Ọjọ́ tí ó bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ó sì bá àtẹ̀gùn mẹ́ta pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí padà láàárín ilé sí ibẹ̀. Àtẹ̀gùn ni ó pè é níjà.

ÌSÀLẸ̀ ILÉ ÀTI ÌSÀLẸ̀ Ọ̀RỌ̀

Nínú agbo ilé àtijọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ ti ń wáyé: ìdáná, ìtajà, àti àpérò lábẹ́ igi. Èyí kò sọ pé ayé àtijọ́ dẹrùn fún aláàbọ̀-ara. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọwọ́ rìn lè dé ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí. Nígbà tí ilé oníbúlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì dé, ìpìlẹ̀ ga kí àgbàrá òjò má baà wọlé. Ìdí rere ni. Gọ́tà là á láàárín títì àti ilé, pákó kan ni a sì fi lé e. Bí a ṣe gbé ilé sókè kúrò lọ́wọ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni a gbé e kúrò lọ́wọ́ arọ.

Ní Àdó-Àwáyé, nítòsí Ìsẹ́yìn, àtẹ̀gùn 369 ni àwọn àlejò ń gùn dé orí òkè tí adágún omi Ìyàkẹ wà. Kò sí ẹni tó ń bá òkè wíjọ́. Àmọ́ àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà níwájú ọ́fíìsì kì í ṣe iṣẹ́ òkè. Ẹnì kan ni ó ya àwòrán rẹ̀, ẹnì kan fọwọ́ sí i, bíríkìlà sì mọ ọ́n.

Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ráńpù, ni ó ń rọ́pò àtẹ̀gùn fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Ó ní ìwọ̀n. Èyí tí àwọn akọ́lé ń lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ọ̀kan sí méjìlá: bí ìpìlẹ̀ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ọ̀nà náà yóò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 180. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 jẹ́ 45 lápapọ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ yóò gùn tó mítà 5.4. Bí ó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dà bí ògiri, kẹ̀kẹ́ yóò sì máa fà sẹ́yìn mọ́ ẹni tó ń tì í lọ́wọ́. Àìmọ ìwọ̀n yìí ni ó ń mú kí àwọn kan da sìmẹ́ńtì lé ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, kí wọ́n sì ní àwọn ti ṣe ti aláàbọ̀-ara. Ẹnu ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80, ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ilé ìyàgbẹ́. Nítorí ẹni tó bá lè wọ ọ́fíìsì tí kò lè wọ ilé ìyàgbẹ́ kò ní lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ di ọ̀sán.

Àtẹ̀gùn nìkan kọ́ ni ìdènà. Afọ́jú tó mọ ọ̀nà ọjà dunjú lè já sí gọ́tà tí ẹnikẹ́ni kò bò, tàbí kí ó kọlu ọ̀kadà tí wọ́n gbé dí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ní ti adití, ọ̀rọ̀ ni ilé tirẹ̀. Akéde ń lu agogo, ìmáàmù àti pásítọ̀ ń ṣe ìkéde, nọ́ọ̀sì ń pe orúkọ ní ilé ìwòsàn. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń kọjá lórí ẹni tí kò gbọ́. Ó lè jókòó láti òwúrọ̀ kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ìjọba ológun ṣe òfin kan lórí àwọn aláàbọ̀-ara ní 1993, ṣùgbọ́n orí ìwé ni ó kú sí. Ní 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Aláàbọ̀-Ara. Abala kẹsàn-án rẹ̀ sọ pé ilé, ọ̀nà, ọkọ̀ àti ìròyìn gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn. Nàìjíríà tọwọ́ bọ àdéhùn náà ní 2007, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, ó sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí ń mójú tó ọ̀ràn àwọn aláàbọ̀-ara.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin àpapọ̀ tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀-ara. Ẹnikẹ́ni tó bá hu ìwà ìyàsọ́tọ̀ sí wọn lè san 100,000 náírà tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó jìyà méjèèjì. Ilé iṣẹ́ yóò san 1,000,000 náírà. Òfin náà fún àwọn onílé ìlò gbogbogbò ní ọdún márùn-ún láti tún ilé wọn ṣe, ó sì sọ pé kí wọ́n tó fọwọ́ sí àwòrán ilé tuntun, kí wọ́n rí i dájú pé ó bá ìlànà mu. Ọdún márùn-ún náà parí ní oṣù kìíní 2024. Láti ọjọ́ náà, àtẹ̀gùn tí kò ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò tún ní "ẹ fún wa láyè díẹ̀ sí i" gẹ́gẹ́ bí àwíjàre. Òfin Ìdìbò 2022 náà sọ pé kí àjọ elétò ìdìbò gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ láti ran oníbò tó jẹ́ aláàbọ̀-ara lọ́wọ́, bí i pípèsè ìwé Braille tí afọ́jú ń fi ìka kà, ìwé onílẹ́tà gàdàgbà, tàbí ògbufọ̀ èdè ìfọwọ́sọ.

ÌGBÌYÀNJÚ NÍLÉ WA

Kì í ṣe Àbújá nìkan ni ìgbìyànjú ti bẹ̀rẹ̀. Andrew Foster, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ afọ́jú, adití àti àwọn mìíràn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti Tẹ̀dé sí Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn. Nítorí ipa Foster, èdè ìfọwọ́sọ tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé àwọn adití ní Nàìjíríà fara jọ ti Amẹ́ríkà. Ọmọ adití tó bá lọ kọ́ ọ lè padà wálé pẹ̀lú èdè tí ìyá, bàbá àti àwọn àbúrò rẹ̀ kò gbọ́. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé fún un, ti ilé bàbá rẹ̀ sì kù. Olùkọ́ kan ṣoṣo tó bá ń kọ́ àwọn ẹbí ní ìrọ̀lẹ́ ni ó lè ṣí èyí náà.

Agbègbè ìgbèríko kò ṣe aláìmọ ọ̀nà láti dá ṣe irú nǹkan báyìí. Àrùn ojú fífọ́ tí eṣinṣin kékeré etí odò ń tàn kálẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di afọ́jú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò sì yọ sílẹ̀. Ní 1987, ilé iṣẹ́ Merck kéde pé òun yóò máa fún àwọn tí àrùn náà ń jà ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò tó tàn kálẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1990 fi ìpínkiri oògùn náà sí ọwọ́ àwọn ará abúlé: àwọn ni wọ́n ń yan ẹni tí yóò pín in, tí wọ́n sì ń dá ìgbà tí yóò pín in. Ọ̀pá ìwọ̀n ni olùpín fi ń mọ iye hóró oògùn tó tọ́ sí gíga ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlú tó lè fi ọ̀pá wọn ènìyàn lè fi okùn wọn ráńpù.

Àwọn baba wa kò kọ́ ilé lọ́wọ́ ara wọn nìkan. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Ráńpù mítà márùn-ún àti ààbọ̀ kò ju iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà, ìjọ àti mọ́ṣáláṣí lè pín in láàárín ara wọn. Ilé ìwòsàn ni ó yẹ kó ṣáájú, kí sẹkitéríàtì, àwọn ibùdó ìdìbò àti ilé ìwé tẹ̀ lé e. Àwọn aláàbọ̀-ara fúnra wọn ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ gun ún kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé iṣẹ́ parí.

ÀÁNÚ TÀBÍ Ẹ̀TỌ́?

Àwọn kan lè béèrè pé, "Mélòó ni wọ́n, tí a fi máa ná irú owó bẹ́ẹ̀?" Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2022 pé ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ni ó ní àìlera ara tó lágbára, tí gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 1.3. Bí ojú kò bá rí wọn ní gbàgede, ilé ni wọ́n wà. Àtẹ̀gùn tí a ní wọn kò pọ̀ tó láti tún ṣe wà lára ohun tó sé wọn mọ́ ibẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, arúgbó, aboyún àti ẹni tó ń ti ọmọláńkẹ́ yóò gba ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà.

Èsì kejì tí a máa ń gbọ́ ni pé Yorùbá láàánú, pé kò sí arọ tí a kò ní gbé pọ̀n gun àtẹ̀gùn. Òtítọ́ ni, kì í sì í ṣe ohun àbùkù fún ẹni tó gbé e. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí a pọ̀n wọ ọ́fíìsì níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀ mọ ohun tó sọ nù lọ́wọ́ òun. Ẹni tí a pọ̀n kò lè lọ nígbà tó wù ú, kò lè bínú kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá fẹ́, kò sì lè wá láìjẹ́ kí aládùúgbò mọ ohun tó ń wá. Ìbò afọ́jú tí ẹlòmíràn tẹ̀ fún un kì í ṣe ìbò ìkọ̀kọ̀ mọ́. Àánú ń gbé ènìyàn wọlé. Ẹ̀tọ́ ń jẹ́ kí ó wọlé fúnra rẹ̀.

ÌGÚNLẸ̀

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi yéni ni pé ìpèníjà aláàbọ̀-ara ní ẹni tó pe ìjà náà, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà, ilé tí ìlú fi owó ara rẹ̀ kọ́ ni. Òfin ti wà, ìwọ̀n ti wà, ọ̀wẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí Òkè-Ògùn. Àtúnṣe ilé tó ti wà yóò gba àkókò. Èyí tí kò yẹ kó gba àkókò rárá ni ilé tí a kò tíì kọ́: ọjà tuntun, kíláàsì tuntun, yàrá ìgbẹ̀bí tuntun. Kí ẹni tí yóò fọwọ́ sí àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wo òrùlé, nítorí pé sìmẹ́ńtì tí kò tíì gbẹ kò nira láti yí padà.