Ṣé o mọ̀? Káàdì Ìwọ̀n Ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé

Ṣé o mọ̀ pé ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ abúlé ní ọdún 1957, tí a ń wọn wọ́n lóòrèkóòrè, tí a sì ń kọ ìwọ̀n wọn sí káàdì tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé? Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò: lórí irú káàdì bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ọmọ tí ó sanra dáadáa lórí ọmú ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ a máa dúró sójú kan nígbà tí ògì ṣíṣàn nìkan bá di oúnjẹ rẹ̀, nítorí omi a ti kún ikùn kékeré náà kí èròjà amúnidàgbà tó tó o. Ó dùn mí dọ́kàn pé abiyamọ, òrìṣà tí ń gbé ọmọ pọ̀n, tí adìẹ ń yé lẹ́yìnkùlé rẹ̀, a máa fi ẹyin du ọmọ rẹ̀ kí ó má baà di olè lọ́la! Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè. Ẹ fún un ní ẹyin náà, kí ẹ sì po ẹ̀pà lílọ̀ tàbí ẹ̀wà tí a bó, tí a sè rọ̀, mọ́ ògì rẹ̀ pẹ̀lú epo pupa díẹ̀.