Dúrọ́ọ̀mù ìkarahun: ìtọ́jú omi bọ́ọ̀hóòlù tó ní ásíìdì fún ọmọ ẹja àrọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀ nínú tapólì tàbí kọǹkéré, tí ẹ sì ń lo omi bọ́ọ̀hóòlù, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Port Harcourt, Yenagoa, Warri àti agbègbè wọn. Omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ sábà máa ń mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ásíìdì wà nínú rẹ̀, kálísíọ̀mù rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí ẹ bá wọn pH rẹ̀, kò ní yà yín lẹ́nu bí ẹ bá bá a láàárín 5 sí 6. Ẹja àrọ̀ tó ti dàgbà lè fara dà á. Ẹyin àti ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú hatchery, kí kálísíọ̀mù (èyí tí ohun ìdánwò omi ń pè ní hardness) má ṣe dín sí 20 miligíráàmù nínú lítà omi kan.

Ibòmíràn tí ìyà yìí ti ń jẹ èèyàn ni inú ọpọ́n tí a kì í pààrọ̀ omi rẹ̀ dáadáa. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ amóníà di ohun tí kò léwu púpọ̀ ń jẹ agbára omi bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́: gíráàmù amóníà kan ń gba bíi gíráàmù 7 nínú ohun tó ń dènà ásíìdì nínú omi, ìyẹn alkalinity. Bí èyí bá tán, pH á já wálẹ̀, àwọn kòkòrò náà á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, amóníà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Ìkarahun lè tún èyí ṣe. Àwọn tó ń sin iyùn òkun nínú àpótí gíláàsì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní calcium reactor. Wọ́n á fẹ́ carbon dioxide láti inú sìlíńdà sínú omi, omi náà á gba àárín èérún iyùn kọjá, á máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, á sì kó kálísíọ̀mù rẹ̀ jáde. Àwa kò nílò sìlíńdà. Carbon dioxide ti wà nínú omi bọ́ọ̀hóòlù wa láti abẹ́ ilẹ̀ wá, òun gan-an ló sì fa púpọ̀ nínú ásíìdì tí a ń sọ.

Ìkarahun ìṣáwùrú ló rọrùn jù láti rí ní Rivers, Bayelsa àti Akwa Ibom, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe kọǹkéré dípò gíránáìtì. Oyster shell tí wọ́n ń tà fún adìyẹ tó ń yé dára bákan náà, limestone náà sì ń ṣiṣẹ́, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí. Bí ó bá hó, ó wúlò. Bí kò bá hó, gíránáìtì ni wọ́n tà fún yín. Ẹ se ìkarahun ìṣáwùrú, ẹ sá a sóòrùn títí tí kò fi ní òórùn mọ́, nítorí ẹran tó bá kù nínú rẹ̀ yóò jẹrà, yóò sì di amóníà. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kó tó bí hóró àgbàdo, kí ẹ sì fi omi ṣàn án títí omi yóò fi mọ́.

Ẹ lo dúrọ́ọ̀mù oníke lítà 200. Ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù tó lágbára, torí yóò lé ní kílò 200 bó bá kún, kí ó sì ga ju ọpọ́n ẹja lọ. Páìpù tó ń gbé omi wọlé gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ tẹ́ òkúta ńláńlá sísàlẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ẹ wá da ìkarahun lé e títí yóò fi tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin dúrọ́ọ̀mù náà. Ẹnu ọ̀nà àbájáde wà lókè, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì. Bí omi bá ń gòkè gba àárín ìkarahun báyìí, kò ní tètè dí.

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í ṣe: wọ́n á jẹ́ kí omi já láti òkè sínú táǹkì ńlá, kó rú dáadáa, kí wọ́n tó gbé e wá sínú dúrọ́ọ̀mù. Carbon dioxide á ti fò lọ, ìkarahun kò sì ní yọ́. Ẹ gbé e wá tààrà láti bọ́ọ̀hóòlù. Bí wàhálà iná bá sọ táǹkì di dandan, ẹ bò ó, kí páìpù tó ń wọ inú rẹ̀ sì dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù ni kí omi wá máa já láti òkè gba páìpù oníhò sínú ọpọ́n, kí ó lè gba atẹ́gùn.

Ẹ dín omi kù títí bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 yóò fi máa gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó kún. Ìyẹn á jẹ́ kí omi lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín ìkarahun, lítà 2,000 á sì jáde ní wákàtí márùn-ún. Láti fi 50 miligíráàmù kún lítà kọ̀ọ̀kan, omi yìí yóò jẹ bíi 100 gíráàmù ìkarahun, ìyẹn kílò mẹ́ta lóṣù bí ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́. Owó kékeré ni.

Ẹ má fi quicklime tàbí sìmẹ́ǹtì rọ́pò ìkarahun. pH á fò sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìkarahun ní tirẹ̀ kì í gbé e kọjá nǹkan bí 8. Síbẹ̀, bí ẹja bá ti wà nínú omi ásíìdì tí amóníà ti pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ṣọ́ra o: bí pH bá ń gòkè, amóníà náà á di oró. Omi náà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí pH má sì yí ju ìdajì lọ lọ́jọ́ kan. Kọǹkéré tuntun kò nílò dúrọ́ọ̀mù yìí rárá, sìmẹ́ǹtì ara rẹ̀ ti ń gbé pH sókè, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ẹ tó kó ẹja sí i.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wọn pH omi tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Bí méjèèjì bá dọ́gba, bóyá omi ń sáré jù, tàbí ìkarahun ti lẹ̀ mọ́ra, tí omi kàn ń gba ojú ihò kan ṣoṣo. Ẹ ti páìpù, ẹ fi igi rò ó, ẹ da ìdọ̀tí rẹ̀ nù, kí ẹ sì fi tuntun kún un bó bá ti lọ sílẹ̀.

Ẹlòmíràn á rí i pé ìkarahun rẹ̀ pupa bí ìpẹtà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Irin ló wà nínú omi náà, ó sì wọ́pọ̀ níbi tí mo dárúkọ wọ̀nyẹn. Ìpẹtà yìí á bo ìkarahun, kò sì ní yọ́ mọ́. Bó bá jẹ́ díẹ̀, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá pọ̀, mi ò ní gbà yín níyànjú láti bá dúrọ́ọ̀mù jà. Ẹ jẹ́ kí omi já láti òkè, kó fara balẹ̀ nínú táǹkì fún ọjọ́ kan kí irin náà silẹ̀, kí ẹ wá fi láìmù oko, ìyẹn èérún limestone, díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Baking soda ń gbé alkalinity sókè, àmọ́ kò ní kálísíọ̀mù, nítorí náà kò tó fún ẹyin ẹja.