KÍ A TÓ GBÉ OWÓ ILÉ LÉ AGBAṢẸ́ṢE LỌ́WỌ́



Gbogbo àwa tí a ń gbé Àgbádárìgì ni a mọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òyìnbó oníwàásù kọ́ sí etí ọ̀sà ní ọdún 1845. Ó ṣì dúró títí di òní. Ṣùgbọ́n a tún mọ àwọn ilé tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ògiri wọn ti là, tí irin sì ti ń yọjú lára òpó wọn. Afẹ́fẹ́ òkun kan náà ni ó ń fẹ́ sí gbogbo wọn. Ọwọ́ tí ó kọ́ wọn àti ọwọ́ tí ó ń tọ́jú wọn ni ó yàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ń yá owó láti tún ilé ṣe. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé bí agbaṣẹ́ṣe bá sá lọ, gbèsè kì í bá a sá. Ẹni tí ó yá owó ni yóò san án, bí kò bá sì rí i san, ọrùn àwọn onídùúró rẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe tí kò ní ìwé àṣẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ onílé nìkan.

Èkíní, ẹ wádìí ẹni náà. Bí ó bá pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé COREN. Bí ó bá ní ọ̀gá kọ́lékọ́lé ni òun, ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ ní CORBON. Ẹ gba nọ́ńbà náà, kí ẹ sì fi í wádìí lọ́dọ̀ wọn. Bíríkìlà tàbí káfíńtà àdúgbò lè má ní irú ìwé bẹ́ẹ̀; ẹ lọ wo iṣẹ́ tí ó ti ṣe ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ sì bá onílé ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

Èkejì, bí ẹ bá fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé, tàbí kí ẹ wó ògiri tí ó gbé òrùlé dúró, iṣẹ́ náà ti kọjá ti bíríkìlà nìkan. Ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ LASPPPA kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ LASBCA ni ó ń yẹ iṣẹ́ wò bí ó ti ń lọ. Agbaṣẹ́ṣe tí ó bá ní, “Ẹ fi ti ìwé sílẹ̀, mo mọ̀ wọ́n níbẹ̀,” ti fi ara rẹ̀ hàn yín. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Ilé tiwa kéré sí i, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ni ó ń sùn nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gba yanrìn etí òkun, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin inú kọnkéré. Bí irin bá dípẹtà, a wú, a sì la kọnkéré láti inú wá. Kí àpò sìmẹ́ńtì àti irin má wọ ilé láìjẹ́ pé onílé kà á.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: irú iṣẹ́, iye owó, ọjọ́ tí yóò parí, orúkọ àti àdírẹ́sì, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ fúnra yín ra ohun èlò bí ẹ bá lè ṣe é. Kí owó iṣẹ́ máa tẹ̀lé iṣẹ́. Ẹ má ṣe san gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ títí òjò ńlá yóò fi dán òrùlé náà wò. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí fún gbogbo owó tí ẹ bá san.

Bí iṣẹ́ bá ti bàjẹ́ ńkọ́? Ẹ dá owó yòókù dúró. Ẹ ya àwòrán iṣẹ́ náà, kí ẹ sì mú oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n wá, kí ó kọ iye tí àtúnṣe yóò gbà sílẹ̀. Ẹ má ṣe bá a jà. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò fàyè gba kí a mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ti ẹni tí ó fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ ènìyàn ni ó yàtọ̀. Ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Wọn kì í gba owó fún ìlàjà. Bí kò bá gbọ́, Small Claims Court wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2018 fún gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ẹ óò kọ́kọ́ fi ìwé béèrè owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tí iye rẹ̀ dájú ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ níbẹ̀; ibẹ̀ ni ìwé àdéhùn àti ìwé ẹ̀rí yín yóò ti wúlò.

Ẹ tètè sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ yín pẹ̀lú, kí oṣù ìsanwó tó kọjá. Ìtìjú kì í san gbèsè. Ẹni tí ó bá tètè sọ̀rọ̀ ni a lè bá wá ọ̀nà àbáyọ, kí onídùúró tó máa gbọ́ ọ ní ìta.