Ọjọ́ Tí Eégún Ń Jáde ní Erékùṣù Káríbíánì

Nílé wa, àwọn àgbà ló ń dá ọjọ́ eégún. Babaláwo á dífá, alágbàáà á gbọ́, ìlú á sì mọ ọjọ́ tí ẹ̀kú máa jáde nígbàlẹ̀. Ẹni tí wọ́n kó gba orí òkun lọ sí oko ìrèké kò ní alágbàáà tó máa dá ọjọ́ fún un. Ọjọ́ tí ẹni tó rà á bá fún un nísinmi ló ní. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ eégún àwọn erékùṣù Káríbíánì fi bọ́ sí ọjọ́ ọdún onígbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ eré ibẹ̀ kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ àti ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni eégún Junkanoo ń jáde ní Bàhámà. Ní Jàmáíkà, Jonkonnu ni wọ́n ń pè é. Edward Long, tó ti òwò ẹrú lẹ́yìn, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1774 pé lásìkò Kérésìmesì, àwọn géńdé máa ń gbé agọ̀ tí ìwo màlúù wà lórí rẹ̀, tí eyín ìmàdò yọ lẹ́nu rẹ̀, idà onígi á sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn eégún Jonkonnu ni Pitchy Patchy, aláṣọ ìrépé-ìrépé. Bó bá ń yí bírí, ọmọ Yorùbá tó bá rí i á rántí eégún ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló pàdé ní Jàmáíkà, àwọn Akan sì pọ̀ nínú wọn. Ẹ má jẹ́ ká pe gbogbo rẹ̀ ní tiwa.

Ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni Ọjọ́ Àwọn Ọba Mẹ́ta ní Kúbà. Láyé ẹrú, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan máa ń tú síta ní Havana tòun ti ìlù rẹ̀, àwọn Lùkùmí, ìyẹn àwa Yorùbá, náà wà níbẹ̀. Eégún tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, íreme, kì í ṣe tiwa: ti ẹgbẹ́ Abakuá ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Regla ní 1836, Ékpè àwọn ará Calabar sì ni orísun rẹ̀. Agọ̀ rẹ̀ ṣóńṣó lókè, agogo kéékèèké so mọ́ ìbàdí rẹ̀. Eégún tiwa máa ń yí ohùn padà sọ̀rọ̀. Íreme kì í lanu, ara ló fi ń fèsì.

Ajé àti Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eléèérú ni Kánífà Trinidad. Ní 2027, ọjọ́ 8 àti 9 oṣù Èrèlé ni. Àwọn Faransé olóko tó ya wọ erékùṣù náà lẹ́yìn 1783 ló mú ijó ìbòjú wá, inú ilé wọn ni wọ́n ti ń jó o. Ẹrú ní tirẹ̀ mọ iná: bí oko ìrèké bá gbiná lóru, pàṣán ni wọ́n fi ń lé e lọ pa iná náà. Lẹ́yìn òmìnira 1838, àwọn èèyàn náà sọ ìyà yẹn di eré, wọ́n pè é ní Canboulay, tògùṣọ̀ tìlù tọ̀pá. Ọjọ́ 1 oṣù Ògún, ọjọ́ òmìnira, ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é kó tó bọ́ sí Kánífà. Ní 1881, ọlọ́pàá kojú wọn ní Port of Spain, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀. Òfin 1884 sì dè wọ́n lọ́wọ́. Ìjọba gba ìlù, àwọn èèyàn gbé ọparun, wọ́n ń gbá a mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọparun ló kan irin, títí páànù onírin fi dé láàárín ọdún 1930 sí 1940.

Moko Jumbie náà wà ní Trinidad, eégún tó ń fi igi gígùn rìn bí Agéré Èkó. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi rìn la òkun já láti Áfíríkà. Ní Cocorite, ilé ẹ̀kọ́ Keylemanjahro ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń dúró lórí igi náà.